Páìpù Bàbá Dámi àti Orí Bàbá Alága

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní pálọ̀ ara mi, nílé wa ní Gwarinpa!

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fẹ́ wá ṣèpàdé lọ́dọ̀ wa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ sì mọ àwọn ará ilé wa: tí nǹkan kan bá bàjẹ́ nílé ẹ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á ròyìn ẹ̀ dé ìlú wa ní Kàbà. Mo bá lọ ra iná gíláàsì ńlá kan lọ́jà Utako, irú èyí tó máa ń rọ̀ wálẹ̀ láti àjà ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Mo ní ká pe ríwáyà kó wá gbé e kọ́. Ọkọ mi, Bàbá Dámi, ní kí ló dé? Ó ti rí i lórí fóònù bí àwọn òyìnbó ṣe ń gbé iná kọ́ sára páìpù tí wáyà ń gba inú ẹ̀. Òun náà gorí àjà, ó so iná mi mọ́ páìpù wáyà tiwa. Irin ni ti òyìnbó. Ike ni tiwa o!

Ọjọ́ ìpàdé pé. Bàbá Alága, olórí ẹgbẹ́, ní ká dìde ká gbàdúrà. Gbogbo wọn dijú. Ṣé ẹ mọ àdúrà àwọn àgbà wa? Wọ́n á gbàdúrà fún ìlú, fún àwọn tó wà lọ́nà, títí kan ọmọ tí wọn ò tíì lóyún ẹ̀!

Ni mo bá gbọ́ "kàà" lókè. Mo lajú. Yéè! Páìpù ti tẹ̀, iná mi ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orí pípá Bàbá Alága ló dojú kọ! Mo sáré lọ sẹ́yìn wọn, mo nawọ́ méjèèjì sókè, mo gbá a mú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí iná mànàmáná lásìkò náà, ì bá gbé mi.

Ta ló ń pariwo láàárín àdúrà àgbà? Mo bá fọgbọ́n ké sí ọkọ mi: "Olúwa, la ojú Bàbá Dámi o!"

Gbogbo ilé ní "Àmín!" Bàbá Dámi fúnra ẹ̀ ló ké e jù, ó sì dijú pa!

Apá ń ro mí, ni mo bá bú sẹ́kún. Bàbá Alága gbọ́ ohùn mi, wọ́n ní Ẹ̀mí ti bà lé ìyàwó wa. Kai! Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn!

Nígbà tí àdúrà parí, Bàbá Alága rọra lọ jókòó, àwọn yòókù ò tíì lajú tán. Apá mi ti kú, mo jọ̀wọ́ iná. Gbàù! Ibi tí wọ́n dúró sí gan-an ló fọ́ sí.

Bàbá wo ilẹ̀, wọ́n wo èmi. Wọ́n ní àdúrà ìyàwó wa ló gbà wọ́n! Wọ́n ròyìn ẹ̀ dé Kàbà lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rí ni wọ́n fi jẹ́. Èmi ni aṣáájú àdúrà ẹgbẹ́ báyìí.

Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé wáyà ni wọ́n ṣe páìpù ike fún. Iná tó bá wúwo, igi àjà ni kẹ́ ẹ so ó mọ́. Kí ni ọkọ tiyín ti fọwọ́ ara ẹ̀ tún ṣe nílé rí? Ẹ sọ fún mi o. Ẹni tó bá sì ní àdúrà nílẹ̀, kó fi ránṣẹ́, ẹ kàn má pè mí síbi tí iná bá ti ń rọ̀.