Ọjọ́ Kẹjọ ní Menton

Nígbà tí wọ́n gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn ní Thamesmead nílùú ọba pé Moráyọ̀ ń lọ sí Menton, ìlú etíkun kan ní Faransé, ńṣe ni wọ́n ń kí i kú oríire bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jọba. Wọn ò bi í pé kí ló ń gbé e lọ. Iṣẹ́ ni. Baba Pearson, òyìnbó ẹni ọdún méjìdínláàdọ́rùn-ún tó ń tọ́jú ní Plumstead, ló ní òun fẹ́ tún ìlú náà rí kóun tó kú. Helen ọmọ rẹ̀ sì ní Moráyọ̀ gbọ́dọ̀ bá àwọn lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Ìlú náà rẹwà, ká má purọ́. Ibẹ̀ làwọn olówó òyìnbó ti máa ń sá fún òtútù láti ayé ọbabìnrin Fikitóríà, ilé aláwọ̀ ọsàn sì tò gun orí òkè títí. Àmọ́ kí ló kan Moráyọ̀ níbẹ̀? Wákàtí méjì-méjì ló ń yí Baba lẹ́gbẹ̀ẹ́. Helen ń lọ lúwẹ̀ẹ́, Moráyọ̀ ń fọ aṣọ ìtọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé gan-an ni Helen ti gba pasipọ́ọ̀tù rẹ̀, ó ní kó má baà sọnù, ó sì tì í mọ́ inú àpótí irin ní yàrá tirẹ̀. Moráyọ̀ tún dúpẹ́ o! Ẹ gbà mí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Ìyèbíyè, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, bímọ ní Woolwich ṣáájú ọjọ́ tí dókítà dá. Ọdún méje ló fi wá ọmọ náà, ìyá rẹ̀ ló sì gbààwẹ̀ jù. Láti ìgbà tí oyún ti pé oṣù mẹ́ta ni Moráyọ̀ ti ń gbé orúkọ kan sínú: Ẹ̀ríolúwa. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ délé kó tó dọjọ́ kẹjọ.

“Ta ló máa wá gbé Daddy?” Helen bi í. “Ọmọ ò ní sá lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá péré.”

Inú bí Moráyọ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ ló di páálí ìgbélùú rẹ̀ mú. Ẹjọ́ kan ṣoṣo látẹnu Helen, wọ́n ti lé e kúrò nílùú ọba nìyẹn. “Yes, madam,” ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n bá ṣètò pé kó sọ orúkọ náà lórí fóònù aláwòrán, tí wọ́n á ti máa ríra wọn. Nígbà tọ́jọ́ pé, ó wọ aṣọ àdúrà rẹ̀, ó gbé fóònù ti ojú fèrèsé. Wòlíì ti fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, ẹbí bàbá ọmọ ti sọ tiwọn.

“Ó kan ìyá ìyàwó,” ni Wòlíì wí.

Moráyọ̀ la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni Baba Pearson yọ̀ lórí àga, ó di aṣọ fèrèsé mú, tòun tìyẹn ṣubú lulẹ̀ gbì! Aṣọ náà bo fóònù mọ́lẹ̀. Moráyọ̀ fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Baba rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń sunkún bí ọmọdé, ìtọ̀ ti gba gbogbo ara rẹ̀. Kó tó gbé e, kó tó nù ún, kó tó pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ó ti tó ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó padà sídìí fóònù, orin ọpẹ́ ni wọ́n ń kọ.

“Mummy! A rò pé network ló lọ,” Ìyèbíyè pariwo. “Mummy Jìmí ti bá yín sọ orúkọ.”

Mummy Jìmí ni ìyá ọkọ Ìyèbíyè. Itan rẹ̀ lọmọ náà sùn lé.

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Olúwamáyọ̀wá. Ó dùn, àbí?”



“Ó dùn,” ni Moráyọ̀ sọ.

“Mummy,” Jìmí, ọkọ ọmọ rẹ̀, dá sí i, “ẹ yí fóònù síta, ẹ jẹ́ ká rí òkun yẹn.”

Ó yí i. Wọ́n hó yèè ní Woolwich: “Mummy ń jayé o!” Ó di fóònù náà mú síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀.