Géèmù Aláwọ̀ Tó Ń Jẹ Bátìrì

Ìsọ̀ kékeré kan lèmi àti ọkọ mi ní ní Ìkòtún nígbà náà. Rédíò, aago ọwọ́ àti ẹ̀rọ ìṣirò là ń tà. Ní ọdún kan, nígbà tí Kérésì ń sún mọ́lé, oníṣòwò tó ń bá wa kó ọjà láti òkè òkun gbé géèmù alágbèéká oríṣi méjì wá pé ká yan èyí tó wù wá. Iléeṣẹ́ méjì tó ń bára wọn du ọjà ló ṣe wọ́n. Ojú ti àkọ́kọ́ rí bí eérú, kò ní àwọ̀, kò sì ní iná, àmọ́ bátìrì rẹ̀ kì í tètè kú. Èkejì ní oríṣiríṣi àwọ̀, ó sì mọ́lẹ̀ rekete bíi tẹlifíṣọ̀n.

Ọkọ mi gbé aláwọ̀ yìí, kò fẹ́ gbé e sílẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀rù ń ba àwọn tó ṣe eléérú yẹn ni," ó ní. "Wọ́n ní àwọn ò ní fi àwọ̀ sí i títí bátìrì á fi lágbára tó o. Àwọn kejì ò dúró de bátìrì kankan ní tiwọn."

"Dádì, ẹ jẹ́ ká mú díẹ̀ níbí, ká mú díẹ̀ lọ́hùn-ún ṣá," mo bẹ̀ ẹ́.

Kò gbà. Aláwọ̀ nìkan la kó, gbogbo owó ọwọ́ wa la sì fi kó o.

Ọjà yá kí Kérésì tó dé. Ọdún tuntun ò tíì rìn jìnnà tí bàbá kan fi wọlé láti Ìṣẹ̀rí-Olófin, ó gbé géèmù náà lé orí káńtà.

"Màdáámù, kí lẹ tà fún mi? Ọmọ mi ti yọ bátìrì aago ògiri, ó ti yọ ti rímóòtù. Nǹkan yìí ń jẹ bátìrì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà!"

Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi rédíò pààrọ̀ rẹ̀ fún un. Àwọn míì tẹ̀ lé e. Ó di pé bí mo bá ti rí ẹni tó mú ọ̀rá dání lọ́ọ̀ọ́kán, mo ti gbà pé géèmù ló tún ń dá padà bọ̀.

Ọkọ mi ní òun á wá nǹkan ṣe sí i. Ó gbé bátìrì mọ́tò wá sí ìsọ̀, ó fẹ́ so wáyà rẹ̀ mọ́ géèmù kan. Mo fa ọmọbìnrin wa tó ń ṣeré nínú ìsọ̀ lọ́wọ́, a bọ́ síta. Mo ń pariwo pé, "Dádì, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!" Òórùn iná ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí èéfín tó yọ. Nígbà tí mo wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ò jóná, àmọ́ géèmù ti kú.

Ọjọ́ kejì ni obìnrin kan wá láti Egan, tòun ti ọ̀rá.

"Ẹ má bínú, mà," mo ti bẹ̀rẹ̀, "a máa pààrọ̀ ẹ̀."

"Pààrọ̀ kẹ̀? Bátìrì ni mo wá rà. Ọmọ mi kán lẹ́sẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà látìgbà náà. Bí wọ́n bá mú iná lọ, iná inú géèmù yín ló fi ń ṣeré. Òun nìkan ló ń pa á lẹ́rìn-ín."

Ọkọ mi dìde, òun fúnra rẹ̀ ló di bátìrì náà fún un.

Láti ọjọ́ yẹn, kò jẹ́ kí oníbàárà kankan fọwọ́ kan géèmù náà kó tó sọ fún un pé, "Ó dára o, àmọ́ ó máa ń jẹ bátìrì." Àwọn kan á gbọ́, wọ́n á bá tiwọn lọ. Àwọn míì á rà á bẹ́ẹ̀. Ìgbà òjò ti wọlé dáadáa kí èyí tó kẹ́yìn tó kúrò nílẹ̀, ọkàn mi ò sì balẹ̀ títí ẹni tó rà á fi kọjá títì láìyíjú padà.