Kannakánná Tí A Dúró Dè ní Etí Adágún Oakville

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí Mahesh wá fi mọ́tò gbé mi ní Etobicoke, ní Kánádà níbí. Ará Íńdíà ni, ẹlẹ́sìn Híńdù. A jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Ó ń lọ ṣe ètùtù ọdọọdún fún bàbá rẹ̀ tó ti kú. Èmi ni màá lé àwọn ẹyẹ tí a kò pè. Iṣẹ́ ńlá, fún àgbàlagbà bíi tèmi.

A kọ́kọ́ yà ní Bramalea, a ra yánmọtí dúdú àti àwo tí wọ́n fi ewé rán. Dọ́là mẹ́fà, fún ewé! Nílé, ẹ̀yìnkùlé la ti ń já a. Ọ̀nà dán títí dé Oakville; kò sí kòtò kan tí mo lè ròyìn fún yín.

Létí adágún, Mahesh bọ́ bàtà nínú òtútù. Ó da omi àti yánmọtí sílẹ̀, ó pe orúkọ bàbá rẹ̀, ó sì gbé ìrẹsì tó ti ṣù róbótó kalẹ̀. Píńdà ni wọ́n ń pè é. Kannakánná, tí wọ́n gbà pé ó ń ṣojú òkú, ló gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Bí kò bá jẹ ẹ́, inú bàbá kò dùn nìyẹn, ọmọ kò sì gbọdọ̀ fi nǹkan kan ẹnu. Ìyá rẹ̀ náà kò tíì jẹun ní Íńdíà. Ó ń wò wá lórí fóònù.

Pẹ́pẹ́yẹ dé, mo lé e. Ọ̀kẹ́rẹ́ dé, mo lé e. Kannakánná mẹ́ta wà lórí igi, wọ́n ń wò wá bí òṣìṣẹ́ imigiréṣọ̀n.

Mahesh ní, "Uncle, nǹkan kan ń dun bàbá mi. Mo ní láti ṣèlérí fún wọn."

"Tètè ṣe é. Ebi ń pa mí."

"Papa, màá ra ilé."

Kannakánná ń tún ìyẹ́ ara wọn ṣe.

"Papa, màá dín ọtí kù."

"Mahesh, bàbá rẹ mọ̀ ẹ́ dáadáa."

Ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kúkúrú kan lórí fóònù. Mahesh wolẹ̀. Ó ní ìyá òun ń béèrè Nitin, àbúrò òun. Òun àti Nitin kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìsìnkú bàbá.

"Papa," ohùn rẹ̀ ti yí padà, "màá pe Nitin. Lónìí."

Kannakánná kan bà sílẹ̀, ó ṣá ìrẹsì jẹ. Ìyá bú sẹ́kún lórí fóònù.

Mo ní, "Ebi ló ń pa ẹyẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Uncle." Ó ń nu ojú.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ó pe Nitin. Èmi ń wo ojú fèrèsé, bí ẹni tí kò rí títì rí.

Mo délé, mo se ìrẹsì. Wọn kò gbà ká fún ẹyẹ lóńjẹ ní ilé wa, àmọ́ mo ṣù díẹ̀, mo gbé e sí bákónì. Mo ṣèlérí fún olóògbé ìyàwó mi pé n kò ní máa jẹ núdùsì lálẹ́ mọ́. Ó ti bá mi jà títí lórí rẹ̀. Kannakánná kò wá. Ẹyẹlé ló wá jẹ ẹ́.

Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi kò le tó bàbá Mahesh.