Àwòrán Ìyá Mi Tí Kò Tètè Gbẹ

Yàrá tí mo gbé ní Agbowó nígbà yẹn kì í rùn bíi yàrá èèyàn. Òórùn kẹrosíìnì tí mo fi ń fọ bọ́rọ́ọ̀ṣì, òórùn ọ̀dà olóróró, àti èéfín jẹnẹrétọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tókópì nísàlẹ̀ ilé, gbogbo wọn ló dà pọ̀ mọ́ra. Mo ti parí yunifásítì, iṣẹ́ ò tíì yọjú, ara mi ò sì balẹ̀ rárá. Bí mo bá jókòó, mo fẹ́ dìde. Bí mo bá dìde, n kò mọ ibi tí mo ń lọ. Àárín ìgbà yẹn ni físà ìyá mi jáde. Wọ́n ń lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tọ́mọ ní Kánádà, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí wọ́n máa padà. Ẹ̀rù bà mí. Mo pinnu pé n óò ya ojú wọn kí wọ́n tó wọ bàlúù.

Inú fídíò kan lórí fóònù ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ojú èèyàn. Òyìnbó arúgbó kan ni olùkọ́ náà, ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. Ó ní kí n dijú díẹ̀, kí n wá ibi tí òjìji wà lójú ẹni náà kí n tó wá imú àti ẹnu. Àwọ̀ tó ń pò, àwọ̀ àwọn èèyàn tirẹ̀ ni. Èmi ni mo fúnra mi fi búráùn, pupa àti búlúù díẹ̀ wá àwọ̀ ìyá mi kiri. Ó ní kí n jẹ́ kí ọ̀dà ìsàlẹ̀ gbẹ kí n tó fi òmíràn lé e. Kí ó gbẹ kẹ̀! Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ọ̀dà ò sì mọ̀ pé ìyá mi ń di ẹrù. Mo ń fìka kàn án láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, ibi tí mo bá sì fọwọ́ kàn, mo ti bà á jẹ́ nìyẹn. Èyí tí olùkọ́ náà wá tẹnu mọ́ jù ni pé ẹni tí à ń yà kò gbọ́dọ̀ mira.

Ìyá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kì í ṣe ẹni tí ń jókòó jẹ́ẹ́. Mo lọ bá wọn nílé wa ní Baṣọ̀run, mo gbé àga wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí mo bá ti ní, “Ẹ má mira, Màámi,” wọ́n á pa ẹnu dé, wọ́n á na ọrùn bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi bi mí bóyá mo ti jẹun, tàbí kí wọ́n dìde lọ wo ohun tó wà lórí iná. Èmi náà á tún bẹ̀ wọ́n. Bí mo ṣe ya ẹnu tó pa dé nìyẹn. Imú jọ, iwájú orí jọ. Nígbà tí mo fi hàn wọ́n, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n tẹjú mọ́ ọn.

“Ìwọ ọmọ yìí,” wọ́n ní, “ṣé mo ti kú ni? Irú èyí tí wọ́n ń gbé síwájú pósí lo yà yìí o.”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo mú ọ̀bẹ, mo fi họ ẹnu náà kúrò.

“Àbí orí ẹ dàrú ni? O wá fọ̀bẹ họ ẹnu mi lójú mi!”

Bí wọ́n ṣe ń bá mi wí, ètè ìsàlẹ̀ wọn yọ síta díẹ̀, ìpéǹpéjú kan sì gòkè. Mo bá gbàgbé olùkọ́ inú fídíò. N kò ní kí wọ́n dúró mọ́. Wọ́n ń ká aṣọ sínú àpótí, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn, èmi náà ń tẹ̀ lé wọn kiri tòun ti bọ́rọ́ọ̀ṣì, mo ń ya ẹnu tó ń bá mi wí náà.

Wọ́n lọ kí ọ̀dà tó gbẹ. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n dúró níwájú àwòrán náà, wọ́n káwọ́ lẹ́rán.

“Ta ni obìnrin yìí ń bá jà?”

“Èmi ni, Màámi.”

“Ó tọ́ sí ẹ.”

Mo ti rò pé ẹni tó bá dúró jẹ́ẹ́ nìkan ni èèyàn lè rí pa mọ́. Mo sì ti rò pé àìríṣẹ́ ló sọ mí di ẹni tí kò lè jókòó, ojú sì ń tì mí. Àwọn àgbà ní òwú tí ìyá bá gbọ̀n lọmọ ń ran. Ní báyìí, bí ara mi ò bá balẹ̀, n kì í bá a jà mọ́. Mo ti mọ ilé tó ti wá.