Ìbéèrè Abẹ́ Àká

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sí i. Kò kí i, kò bẹ̀ ẹ́, kò bi í bóyá ó jí dáadáa. Mo ní kí ló ń ṣe. Ó ní òun ń béèrè iye ààyè tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ ni, torí òun fẹ́ kó fọ́tò sí i. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹ̀rọ ti dá a lóhùn: èyí tó ti kún rèé, èyí tó ṣófo rèé. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rò pé nǹkan ń ṣe mí. Kò mọ̀ pé èmi náà ti béèrè irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, lórí ìkúnlẹ̀, nínú ẹrẹ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Mọníyà, mo wá sílé ọkọ ní abúlé kan lẹ́bàá Ìrókò. Ní agboolé wọn, ìyàwó tí kò tíì pẹ́ nílé kì í ní àká tirẹ̀. Inú àká ìyá ọkọ ni yóò kó àgbàdo rẹ̀ sí. Àká ìyá ọkọ mi ga lórí òpó, ó rí rìbìtì, wọ́n fi koríko bo orí rẹ̀, àkàsọ̀ kan sì fara tì í. Wọn kì í mú nínú àgbàdo ibẹ̀, wọ́n ní ti ọjọ́ ìyàn ni. Èlùbọ́ là ń jẹ. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gun àkàsọ̀ yẹn àfi Ìyá fúnra wọn. Ṣé ìyàwó ilé ni yóò lọ dúró sókè orí ìyá ọkọ? Ó tì o. Ìsàlẹ̀ la ti ń béèrè.

Ìbéèrè ọ̀hún sì ní bí wọ́n ṣe ń tò ó. Wàá kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Wàá kí wọn kú àárọ̀, wàá kí wọn kú ọjọ́ mẹ́ta bí ẹ tilẹ̀ jọ sùn mọ́jú nínú ilé kan náà. Wàá béèrè orúnkún wọn tó ń ro wọ́n. Wàá kì wọ́n. Wàá wá yin àká. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn lo tó lè sọ pé, "Ìyá, ṣé ààyè díẹ̀ wà fún ìránṣẹ́ yín?" Bí o bá fo ọ̀kan, o ti bà á jẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé orúnkún. Ìyá wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?" Bẹ́ẹ̀ iwájú wọn gan-an ni mo kúnlẹ̀ sí!

Bí o bá wá tò ó pé, wọn yóò mú ọ̀pá ìtilẹ̀, wọn yóò fi gbá ara àká, gbì, wọn yóò dẹtí sí i. Wọn yóò ní, "Ó kún." Ó parí.

Lọ́dún yẹn mo gbin àgbàdo tèmi àkọ́kọ́, ó sì ṣe dáadáa. Òun la ó jẹ bí èlùbọ́ bá tán, inú ẹ̀ náà la ó ti mú irúgbìn. Mo kó o sínú yàrá títí ibùsùn fi parẹ́. Orí àgbàdo ni ọkọ mi ń sùn. Tó bá ti yí padà, á ké bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Ìyókù wà níta lórí àpáta. Mo ní kó kọ́ àká fún mi, ó ní, "Ìyá á bínú." Òjò àrọ̀kúrò sì ń bọ̀. Bí ó bá pa àgbàdo yẹn, á bu, ebi dé nìyẹn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀ lápá Ìrókò. Mo sáré lọ sábẹ́ àká, mo kúnlẹ̀ gbì, mo ní, "Ìyá, ṣé ààyè wà?"

"Báyìí ni wọ́n ṣe ń kí èèyàn ní Mọníyà?"

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo kí wọn kú àárọ̀, ẹ̀kán òjò bọ́ sí mi lọ́rùn. Mo béèrè orúnkún, wọ́n ròyìn orúnkún láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń kì wọ́n bí ẹni tí ajá ń lé. Mo yin àká. Mo béèrè. Wọ́n gbá a, gbì.

"Ó kún."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Inú ti bí mi, mo ní, "Ìyá, ẹ gbá a níbòmíràn."

Yéè! Ọkọ mi tó ti gbé agbọ̀n àgbàdo tẹ̀ lé mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí ẹni tí eegun há lọ́fun. Ìyá tẹjú mọ́ mi. "Kí èmi gbá a níbòmíràn? Ó dáa. Gùn ún! Fojú ara rẹ rí i, kí o wá sọ fún gbogbo ayé."

Bóyá wọ́n rò pé n kò ní gùn ún. Mo gùn ún.

Mo ṣí koríko orí rẹ̀. Lóòótọ́, ó kún dé ẹnu. Mo fa àgbàdo kan yọ, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Mo bó háríhá ara rẹ̀: ṣùkù lásán, kò sí hóró kan. Mo fa òmíràn: ṣùkù. Eku àti kòkòrò ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n fi èèpo sílẹ̀ fún Ìyá láti máa gbá. Láti ìgbà tí orúnkún wọn ti kọ àkàsọ̀ ni wọn kò ti rí inú rẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí n pariwo. Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo bojú wo ilẹ̀. Ìyá na ọrùn sókè nínú òjò, gèlè ti ṣí lórí wọn. Wọ́n ń jágbe, "Ó kún àbí kò kún?" ṣùgbọ́n ojú wọn ń bẹ̀ mí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, n kò sì rí ẹ̀rù lójú wọn rí. Inú ń bí mi, àánú wọn ń ṣe mí, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

"Ó kún, Ìyá," mo wí. "Ẹ kú ìtọ́jú. Títò ni kò dára tó. Bí mo bá tún un tò, á gba tèmi."

"Mo ṣáà ti sọ pé ó kún," ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọkọ mi ń gbé agbọ̀n sókè, èmi ń da ṣùkù sẹ́yìn àká, níbi tí ojú Ìyá kò dé. Ojú ewúrẹ́ ló dé ibẹ̀. Wọ́n tú jáde láti gbogbo agboolé, wọ́n ń kan ara wọn nítorí háríhá. Ọkọ mi ní, "Kí làwọn ewúrẹ́ yìí ń jẹ?"

"Baálé mi, ẹ gbé agbọ̀n wá, ẹ yé béèrè."

Iṣu kò ṣe dáadáa lọ́dún náà. Nígbà tí èlùbọ́ tán, Ìyá kéde pé àwọn ti ṣí àká. Èmi ni mò ń gùn ún, Ìyá ni wọ́n ń pín in. "Ẹ rọra jẹ ẹ́ o! Àgbàdo mi kì í ṣe ìjẹkújẹ." Èmi tí mo fọwọ́ ara mi roko rẹ̀! Màá kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá." Gbogbo agboolé ń yìn wọ́n, wọ́n ní àgbà tó mọ ọ̀la ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń wọ yàrá lọ bú ọkọ mi, torí kò sẹ́lòmíràn tí mo lè bú.

Ìkórè ọdún kejì dé. Mo lọ sábẹ́ àká, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn kú àárọ̀, mo kí wọn kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ béèrè orúnkún, wọ́n fọwọ́ dá mi dúró. Wọn kò mú ọ̀pá. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, kò sẹ́nì kankan nítòsí.

"Dìde ńlẹ̀," ni wọ́n wí. "Èmi ló yẹ kí n máa bi ọ́." Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Àgbàdo rẹ tó gbà wá lọ́wọ́ ebi, ṣé ó ṣì kù níbẹ̀?"

N kò lè dìde. Mo ní, "Ó ṣì kù, Ìyá," mo sì ń sunkún bí ọmọdé.