Fadá tó sọ pé òun ni parochus

Látìnì ti kó Fadá wa sí wàhálà lónìí.

Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá kí wa ní Ipakodo ní Sọ́ńdè, àwa ìyá ìjọ la sì máa dáná. Èjìká mi ò tíì gbàgbé igi tí mo rù lọ́dún tó kọjá. Bí a ṣe ń pín iṣẹ́ lọ́wọ́ ni Fadá bá dìde:

"Ẹ̀yin ìyá, parochus ni Látìnì ń pe irú èmi tí mò ń bójú tó ìjọ. Láyé àtijọ́, ẹni tó ń pèsè igi ìdáná àti iyọ̀ fún àwọn ìjòyè Róòmù tó bá wà lẹ́nu ìrìn àjò ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Màmá Bísí, tó máa ń yan ẹja tà ní Ibẹṣẹ, gbójú sókè.

"Fadá, ta wá ni parochus tiwa?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ẹ ṣé, Fadá. Igi wà lẹ́yìn ilé mi. Ẹ wá kó o."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, Fadá dé pẹ̀lú igi nínú búùtù mọ́tò, aṣọ funfun ọrùn rẹ̀ ti dọ̀tí.

Ó gbàgbé iyọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni kó lọ rán an létí?