Okùn Kúkúrú Ìyá Ọkọ Mi

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì pàdé ìyá ọkọ mi. Obìnrin yìí ló ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn sọdá odò wa láti ìgbà tí ọkọ mi ti wà lọ́mọ ọwọ́, síbẹ̀ ó kórìíra omi bí ẹni kórìíra orogún. Kò mọ̀wẹ̀. Kì í wọnú odò kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Tó bá fẹ́ wẹ̀, á fa omi sókè, á dà á sínú ike, á wẹ̀ lórí pèpéle ilé, odò á sì máa ṣàn kọjá lábẹ́ ẹ̀. Bí àwọn èrò inú ọkọ̀ bá ń ṣeré, tí ọkọ̀ ń mì, á ní ẹni tó bá fẹ́ jó kó sọ̀ kalẹ̀ sínú odò kó lọ jó níbẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe. Èmi tí a jọ ń gbé ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á.

Ilé orí òpó ni gbogbo wa ń gbé ní abúlé wa, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ tán. Ẹrẹ̀ lónìí, omi lọ́la. Tí òjò bá ti rọ̀ lápá òkè odò, omi á gun àtẹ̀gùn ilé bí àlejò tí ò mọ ilẹ̀kùn kàn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ará abúlé fi ń fi okùn gígùn so ọkọ̀ wọn. Bí omi bá ga, ọkọ̀ á bá a ga. Bí o bá so ó kúrú, okùn á di imú ọkọ̀ mú mọ́lẹ̀, omi á wọnú ẹ̀, ó parí. Ọmọdé ibẹ̀ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọkọ mi nìkan ló ń so tiẹ̀ kúrú. Á so ó mọ́ ìsàlẹ̀ òpó, á ta kókó léra wọn. Bàbá Akànkọ̀, àgbàlagbà tó ń kan ọkọ̀ nílé tó tẹ̀ lé tiwa, kì í yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Á béèrè pé ṣé ọkọ̀ ló so ni àbí ewúrẹ́ tó ń jẹ iṣu onílé. Ọkọ mi ló sọ ìdí ẹ̀ fún mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé wọn. Okùn gígùn ni bàbá ẹ̀ fi so ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, omi já a gbà, ọkọ̀ ń lọ. Bàbá bẹ́ sódò, ó ní òun á lé e bá. Ìyá ọkọ mi dúró lórí pèpéle, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀, ó ń wo orí ọkọ ẹ̀ lójú omi títí kò fi rí i mọ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n rí ọkọ̀ náà níbi tó há sí láàárín koríko odò, kò sí ohun tó ṣe é. Wọn ò rí bàbá. Ọkọ̀ yẹn náà ni ìyàwó ẹ̀ ń wà títí dòní.

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Nígbà òjò, obìnrin yìí kì í sùn. Á dìde, á sọ̀ kalẹ̀ lọ tú okùn, á sún un sókè díẹ̀, á tún un so, á padà wá dùbúlẹ̀. Kí oorun tó gbé e lọ, á tún ti dìde. Màá máa gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí pákó, inú á bí mi, màá fi ìrọ̀rí bo etí. Kí ló dé tí kò so ó gùn bíi ti gbogbo ayé, ká lè rójú sùn? Àmọ́ ẹ̀rù kì í gbọ́ àlàyé.

Ọdún tí omi pọ̀ jù ni oyún mi pé oṣù. Ọkọ mi wà lókè odò níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Àwọn aládùúgbò ti kó ọmọ kó ẹran lọ sí ilẹ̀ gíga, gbogbo ọkọ̀ abúlé bá wọn lọ. Àwa ò lè lọ, torí pé ilé ìgbẹ̀bí wà ní òdìkejì odò gan-an, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún mi pé ọmọ náà dábùú nínú mi, mi ò gbọdọ̀ dán an wò láti bí i sílé. Bí ìrọbí bá ti dé, ká bọ́ sọ́kọ̀ ni. Bàbá Akànkọ̀ nìkan ló kù pẹ̀lú wa. Ọkọ̀ tiẹ̀ wà lórí igi tó ń tún un ṣe, kò ní pákó nídìí. Akànkọ̀ tí ò ní ọkọ̀, ẹ wo ayé.

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Igi ńláńlá ń bá omi bọ̀, kò sẹ́ni tó lè sọdá nínú òkùnkùn, ìyá ọkọ mi ní ká dúró de ojúmọ́. Ó jókòó tì mí, ó ń fọwọ́ ra mí lẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ dìde ni ìrora á mú mi, màá di aṣọ ẹ̀ mú, á tún jókòó. Kò sọ pé okùn lòun fẹ́ lọ wò.

Ojúmọ́ mọ́, ó jáde, mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró lórí pákó. Mo rá dé ẹnu ọ̀nà. Níbi tó yẹ kí ọkọ̀ wà, omi pupa ló wà níbẹ̀, àti ìdí ọkọ̀ tó yọ sókè díẹ̀ bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ tó ń wá oúnjẹ lábẹ́ omi. Bí ọkọ̀ yẹn ò bá jáde, èmi àti ohun tó wà nínú mi la jọ ń lọ. Mo mọ̀ ọ́n, òun náà mọ̀ ọ́n.

Bàbá Akànkọ̀ pariwo láti pèpéle tiẹ̀ pé kí a gé okùn, pé igi ni ọkọ̀, bí okùn bá ti já, á léfòó. Ó tiẹ̀ fẹ́ bẹ́ sómi fúnra ẹ̀. Ìyá ọkọ mi jágbe mọ́ ọn pé orúnkún tí ò lè gun àtẹ̀gùn ló fẹ́ fi lúwẹ̀ẹ́. Ó mú ọ̀bẹ tí a fi ń ha ẹja. Ó mú okùn mìíràn, ó fẹ́ so ó mọ́ ìbàdí ara ẹ̀, kókó ń tú mọ́ ọn lọ́wọ́, èmi ni mo bá a ta á. Ó fi orí kejì okùn náà lé mi lọ́wọ́.

"Ìyàwó mi, bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, fà mí."

"Bí ẹ ò bá wá fà á ńkọ́, Màmá?"

Ó wo omi. "Fi okùn náà sílẹ̀. Má tẹ̀ lé mi."

Ó sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀. Omi dé orúnkún ẹ̀, ó dé ìbàdí. Ó ń sunkún, mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ rárá. Nígbà tí omi dé ọrùn ẹ̀, ó di òpó mú, ó di ojú, ó wọ abẹ́ omi lọ. Mo fi ẹsẹ̀ ti ara ilẹ̀kùn, mo wé okùn mọ́ ọrùn ọwọ́. Ó jáde, ó ń húkọ́, ó ní kókó kù. Ó tún wọ abẹ́ omi. Èyí pẹ́. Ìrọbí gbé mi, mo fi eyín di aṣọ mú, mi ò fi okùn sílẹ̀. Ó fà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wí, mo dúró de ìkejì, kò wá. Ta ló tún ń dúró de ẹ̀ẹ̀mejì, mo fi gbogbo agbára tó kù nínú mi fà á.

Imú ọkọ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni orí ìyá ọkọ mi, ó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Ike ìwẹ̀ ẹ̀ ló fi gbọ́n omi inú ọkọ̀. Àjẹ̀ tiwa tí a fi ń wa ọkọ̀ ti bá odò lọ, Bàbá Akànkọ̀ ju tiẹ̀ sí wa. Bí a ṣe sọdá, mi ò lè sọ ọ́. Mo dùbúlẹ̀ nínú omi tó kù nídìí ọkọ̀, mò ń gbọ́ tí igi ń gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí òun ń sọ fún odò pé kó má dán an wò. Nọ́ọ̀sì bá ọmọ náà fà á títí kó tó rí i yí. Obìnrin ni. Ó ké. Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì wá béèrè ohun tí mò ń fi okùn tó ṣì wà lọ́wọ́ mi ṣe.

Nígbà tí a padà sílé, omi ò tíì fà. Ìyá ọkọ mi mú okùn tó so mọ́ ìbàdí lọ́jọ́ náà, ó fi so ọkọ̀ mọ́ orí òpó, ó so ó gùn. Bàbá Akànkọ̀ rí i, ó padà sídìí ọkọ̀ tó ń tún ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ dé, ọkọ̀ sún lọ sójú odò títí okùn fi le. Ìyá ọkọ mi gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀ lórí pèpéle, ó ń wo ọkọ̀ náà, ó di ọmọ mú pinpin. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo dìde, mo ní kí n lọ bá a fà á súnmọ́lé.

Ó di aṣọ mi mú.

"Jókòó," ló wí. "Bó bá fẹ́ lọ, kó máa lọ. Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e."